ÈLÉ KÌ Í ṢE ÈRÈ: OWÓ TÍ A FI Ń ṢE IṢẸ́ ÌLÚ NÍ ÌLÀNÀ ÌSÌLÁÀMÙ

  

Àwọn tí ń ṣètò ìwé yìí ní kí n kọ nǹkan lórí ọ̀rọ̀ owó, nítorí pé iṣẹ́ tí mo ṣe kí n tó fẹ̀yìn tì jẹ mọ́ bọ́jẹ́ẹ̀tì. Mo gbà, nítorí ìbéèrè kan tí ó máa ń jáde nígbàkúùgbà tí a bá ń sọ̀rọ̀ ilé ìwé tí ẹgbẹ́ fẹ́ parí. Ṣé kí a lọ yá owó ní báńkì, kí a máa san án díẹ̀díẹ̀ pẹ̀lú èlé? Àwọn kan a ní hàrámù ni. Àwọn mìíràn a fèsì pé, bí ó bá jẹ́ hàrámù, ṣé kí àwọn ọmọ máa jókòó sábẹ́ páànù tó ń jò? Ìhà méjèèjì ló ní ọ̀rọ̀ lẹ́nu. Ohun tí mo rí ni pé a sábà máa ń ṣe é bí ẹni pé ọ̀nà méjì péré ló wà: kí a yáwó èlé, tàbí kí a jókòó kí a máa wojú ara wa. Ọ̀nà pọ̀ ju bẹ́ẹ̀ lọ.

Ìyàtọ̀ tó wà láàrin èlé àti èrè

Kí báńkì tó dé ni àwọn baba wa ti mọ èlé. Ẹni tí ń yáni lówó èlé gọbọi ni wọ́n ń pè ní sógúndogójì, ẹni tí ń sọ ogún di ogójì. Ẹ gbọ́ orúkọ náà dáadáa, ó ti sọ iye èlé. Ẹni tí kò bá rí owó san lè fi ara rẹ̀ tàbí ọmọ rẹ̀ ṣe ìwọ̀fà. Ìwọ̀fà a máa ṣiṣẹ́ lóko olówó, ṣùgbọ́n iṣẹ́ náà kò dín kọ́bọ̀ kan kù nínú gbèsè. Iṣẹ́ ọ̀hún ni èlé. Odindi owó ṣì wà nílẹ̀ digbí. Àwọn ọ̀dọ́ wa kò mọ ìwọ̀fà mọ́, ṣùgbọ́n wọ́n mọ owó tí àwọn obìnrin ọjà ń pè ní gbọ́mú-lé-láńtà, èyí tí wọ́n ń san lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, tí àwọn agbowó á sì wá jókòó sí ẹnu ọ̀nà ẹni tí kò bá rí i san. Ọmọ ìyá kan náà ni gbogbo wọn.

Nínú Súrátùl Bákárà, láti ẹsẹ̀ 275 dé 280, Ọlọ́run ṣe òwò ní ẹ̀tọ́, Ó sì ṣe èlé ní èèwọ̀. Ó tún pàṣẹ pé bí onígbèsè bá wà nínú ìnira, kí á fún un láyè títí tí yóò fi rí i san, bí a bá sì yọ̀ǹda rẹ̀ fún un, ìyẹn dára jù fún wa. Kí wá ni ìyàtọ̀ láàrin òwò àti èlé, nígbà tó jẹ́ pé owó ń lé nínú méjèèjì? Ẹ jẹ́ kí n fi oníṣu ṣe àpèjúwe. Bí mo bá fún ìyá oníṣu kan ní N100,000 tí mo ní kí ó dá N130,000 padà fún mi lẹ́yìn oṣù mẹ́fà, mo ti yáwó èlé fún un. Bí iṣu bá jẹrà lójú ọ̀nà Zaki Biam, bí ọkọ̀ bá dànù, kò kàn mí. N130,000 mi kò gbọdọ̀ dín. Ṣùgbọ́n bí mo bá fún un ní N100,000 kan náà kí ó fi ra iṣu, tí a sì jọ fẹnu kò pé a ó pín èrè sí méjì, èmi náà ti di oníṣu. Bí ó bá pa N60,000, mo gba N30,000, bíi ti èkíní gẹ́lẹ́. Bí iṣu bá jẹrà láìṣe ẹ̀bi rẹ̀, owó mi ló lọ, òun náà sì ti fi wàhálà rẹ̀ ṣòfò. Iye tó wọ àpò mi lè jọra. Ohun tó yàtọ̀ ni ẹni tí òfò ń bá.

Òun ni àwọn onímọ̀ ń pè ní mudaraba. Gbogbo orúkọ Lárúbáwá yòókù tí ẹ ń gbọ́, ijara, murabaha, musharaka, oríṣiríṣi ọ̀nà ni wọ́n láti so owó mọ́ nǹkan tí a lè fojú rí: ọjà, ilé, ẹ̀rọ, ilẹ̀. Owó tí kò so mọ́ nǹkan kan, tí ó kàn ń bímọ nítorí pé ọjọ́ ń lọ, òun ni èlé.

Owó kan, iṣẹ́ kan

Kì í ṣe gbogbo owó ẹ̀sìn ló wà fún gbogbo iṣẹ́, níbí sì ni ẹgbẹ́ púpọ̀ ti ń da nǹkan pọ̀. Sàká jẹ́ ìdá 2.5 nínú ọgọ́rùn-ún owó tí ó bá ti tó ìwọ̀n (gíráàmù 85 wúrà) tí ó sì ti lo ọdún òṣùpá kan lọ́wọ́ ẹni. Súrátù Táobà, ẹsẹ̀ 60, ti ka àwọn mẹ́jọ tí ó tọ́ sí, lórí tálákà àti aláìní àti onígbèsè. Ọ̀pọ̀lọpọ̀ àwọn onímọ̀, títí kan àwọn ti ìlànà Màlíkì tí a ń tẹ̀lé, ló gbà pé kò ṣeé fi kọ́ mọ́ṣáláṣí tàbí ṣe títì. Ọwọ́ ènìyàn ni ó gbọdọ̀ bọ́ sí. Nítorí náà, bí a bá ní sàká, kí a fi san owó ilé ìwé ọmọ òrukàn, kí a fi yọ opó nínú gbèsè, ṣùgbọ́n kí a má fi ra bíríkì.

Yíyá owó láìní èlé, èyí tí wọ́n ń pè ní qard hasan, kò ṣàjèjì sí wa. Èésú tí a ń dá lóṣooṣù, kí ni bí kì í ṣe kí ogún ènìyàn máa yá ara wọn lówó nípele nípele, kí ẹnikẹ́ni má sì gbà ju ohun tí ó dá lọ? Alájọ tí ń mú ìdá ọjọ́ kan nínú oṣù, owó iṣẹ́ rẹ̀ ló gbà, kì í ṣe èlé. A ti ń ṣe ìlànà yìí kí ẹnikẹ́ni tó fún un lórúkọ Lárúbáwá.

Èyí tó ń ṣe ìlú lóore jù lọ lóde òní ni sukuk, mo sì fẹ́ dúró díẹ̀ lórí rẹ̀, nítorí pé púpọ̀ nínú wa ti gun ọkọ̀ kọjá lórí rẹ̀ láìmọ̀.

Sukuk àti ọ̀nà ilé wa

Ní ọdún 2013, nígbà tí Ọ̀gbẹ́ni Rauf Aregbesola ń ṣe gómìnà, Ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun ni ìpínlẹ̀ àkọ́kọ́ ní Nàìjíríà tí ó ta sukuk. N10 bílíọ̀nù ni, fún ọdún méje, ní ìdá 14.75 nínú ọgọ́rùn-ún lọ́dún, iṣẹ́ ilé ìwé ni wọ́n sì fi ṣe. Ní oṣù September 2017, ìjọba àpapọ̀ gbé tirẹ̀ jáde: N100 bílíọ̀nù, ọdún méje, ìdá 16.47. Owó tí àwọn ènìyàn gbé wá lé ní N105 bílíọ̀nù. Títì mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n ni wọ́n fẹ́ fi owó náà ṣe, wọ́n sì pín in dọ́gba fún ẹkùn mẹ́fẹ̀ẹ̀fà. Títì àyíká ìlà-oòrùn Kàdúná wà nínú rẹ̀, Suleja sí Minna wà nínú rẹ̀, Àbújá sí Lọ́kọ́ja wà nínú rẹ̀, Kánò sí Maiduguri wà nínú rẹ̀. Ọ̀yọ́ sí Ògbómọ̀ṣọ́ náà wà nínú rẹ̀. Ẹni tí ó ti ń re ilé ọdún láti Kàdúná mọ ohun tí mo ń wí bí mo bá dárúkọ Ọ̀yọ́ sí Ògbómọ̀ṣọ́. A ti sin òkú púpọ̀ nítorí ọ̀nà yẹn.

Báwo ni ìjọba ṣe ń san owó lé owó láìjẹ́ èlé? Wọ́n dá ilé iṣẹ́ kan sílẹ̀ lórúkọ, FGN Roads Sukuk Company 1, láti dúró fún àwọn olówó. Ẹni tí ó bá mú owó wá (N10,000 ni ó kéré jù) gba ìwé tí ó fi hàn pé ó ní ìpín nínú títì náà, kì í ṣe ìwé pé ìjọba jẹ ẹ́ ní gbèsè. Ilé iṣẹ́ yìí á gbé títì náà fún ìjọba gẹ́gẹ́ bí onílé ṣe ń gbé ilé fún ayálégbé. Owó ilé tí ìjọba ń san ní oṣù mẹ́fà-mẹ́fà ni wọ́n ń pín fún àwọn tí ó ní ìpín. Nígbà tí ọdún bá pé, ìjọba á ra ìpín wọn padà ní iye tí wọ́n fi rà á. Ẹni tí ó fi N100,000 sí ti 2017 gba N8,235 ní oṣù mẹ́fà-mẹ́fà, lẹ́ẹ̀mẹ́rìnlá, kí ó tó gba N100,000 rẹ̀ padà ní 2024. Ìyẹn ni ijara.

Mo mọ ohun tí ẹ ń rò. Ìdá 16.47 yìí kò jìnnà sí ohun tí ìjọba ń san lórí gbèsè elélé nígbà náà. Ṣé kì í ṣe pé wọ́n kàn wọ aṣọ fún un ni? Ìbéèrè yìí tọ́, àwọn onímọ̀ ẹ̀sìn gan-an ń bi í. Ìdáhùn tèmi nìyí. Pé owó ilé jọ èlé ní iye kò sọ ọ́ di èlé, bí ẹran àti ẹja tó jẹ́ iye kan náà lọ́jà kò ṣe sọ ẹja di ẹran. Ṣùgbọ́n mi ò ní tan yín: kò sí ẹnikẹ́ni nínú àwọn tí ó ní ìpín tí ó lè lọ ti títì Ògbómọ̀ṣọ́ pa bí ìjọba kò bá san owó ilé. Ọ̀rọ̀ ìjọba ni wọ́n gbára lé. Àwọn alárìíwísí rí ibi tí aṣọ ti ya, kí á sì gbà bẹ́ẹ̀.

Ìdí tí mo fi fẹ́ràn rẹ̀ síbẹ̀ wá láti inú iṣẹ́ tí mo ṣe. Èmi tí mo ka fáìlì bọ́jẹ́ẹ̀tì fún ọdún púpọ̀ mọ bí owó tí ìjọba yá ṣe ń parẹ́. Wọ́n á yá a fún "ìdàgbàsókè", ọdún á yí po, kò sẹ́ni tí yóò lè fi ìka tọ́ka sí ohun tí wọ́n fi ṣe. Sukuk kò gba irú ìyẹn láàyè. O gbọdọ̀ kọ́kọ́ dárúkọ nǹkan náà, kí nǹkan náà sì wà. Ẹnikẹ́ni tó bá mú ìwé lọ́wọ́ lè lọ síbẹ̀ lọ wò ó. Kò sọ pé kọngílá yóò yára o. Ọdún púpọ̀ ni iṣẹ́ Ọ̀yọ́ sí Ògbómọ̀ṣọ́ fi falẹ̀, gbogbo wa la rí i. Ṣùgbọ́n a mọ ohun tí a ń béèrè àti ibi tí a ti ń béèrè rẹ̀.

Ní 2017 yìí kan náà, ẹgbẹ́ CAN ta kò ó, ẹ̀rù ń bà wọ́n pé wọ́n fẹ́ fi sọ orílẹ̀-èdè di ti Mùsùlùmí. Nínú ilé Yorùbá tí bàbá jẹ́ Alhaji tí àbúrò rẹ̀ jẹ́ díákónì, ó yẹ kí a lè dá ara wa lóhùn láìbínú. Ìjọba Britain ta sukuk £200 mílíọ̀nù ní 2014, Ọbabìnrin wọn kò sì kírun nítorí rẹ̀. Ní ọdún yẹn kan náà, àjọ IFFIm tí ń wá owó fún abẹ́rẹ́ àjẹsára àwọn ọmọdé láyé ta sukuk $500 mílíọ̀nù. Ọmọ ta ni abẹ́rẹ́ náà yóò bèèrè ẹ̀sìn rẹ̀ kí ó tó ṣiṣẹ́? Nàìjíríà náà kò dúró. Nígbà tí ìjọba àpapọ̀ wá N250 bílíọ̀nù ní 2021, N865 bílíọ̀nù ni àwọn ènìyàn gbé wá, kì í sì í ṣe àwọn tí ń lọ Jímọ̀ nìkan.

Ohun kan ṣoṣo tí mo ní láti kìlọ̀ fún àwọn tí ó fẹ́ fi owó ìfẹ̀yìntì wọn sí i: N100,000 tí o bá gbà padà lẹ́yìn ọdún méje, N100,000 ni, ṣùgbọ́n ẹ lọ wo iye tí àpò ìrẹsì kan jẹ́ ní 2017, kí ẹ wo ohun tí ó jẹ́ ní 2024.

Èyí tí ó bá ẹgbẹ́ mu

Ẹgbẹ́ wa kò tóbi tó ẹni tí ń ta sukuk. Ṣùgbọ́n ohun kan wà tí ó dàgbà ju sukuk lọ, tí ó sì bá agbára wa mu: waqf. Nígbà tí àwọn Mùsùlùmí dé Mẹ̀dínà tí omi wọ́n wọn, Uthman ọmọ Affan ra kànga Ruma lọ́wọ́ ẹni tí ń ta omi rẹ̀, ó sì yọ̀ǹda rẹ̀ fún gbogbo ènìyàn. Umar ọmọ Khattab ní ilẹ̀ kan ní Khaybar tí ó fẹ́ràn gan-an. Nígbà tí ó bi Ànábì léèrè ohun tí yóò fi ṣe, ìmọ̀ràn tí ó gbà ni pé kí ó mú ilẹ̀ náà dúró, kí ẹnikẹ́ni má tà á, kí wọ́n má fi jogún, kí wọ́n máa fi èso rẹ̀ ṣàánú. Ìlànà náà nìyẹn. Ìdí dúró, èso ń lọ. Mọ́ṣáláṣí Karawiyyin tí ó di ilé ẹ̀kọ́ ńlá ní ìlú Fez, tí ìtàn sọ pé Fatima al-Fihri fi ogún tirẹ̀ dá sílẹ̀ ní 859, irú ohun ìní bẹ́ẹ̀ ló bọ́ ọ fún ọ̀rúndún púpọ̀.

Ẹ jẹ́ kí a fi ìṣirò ṣe é. Ká ní a jẹ́ 150, tí ẹnì kọ̀ọ̀kan ń dá N4,000 lóṣù fún oṣù ogún. N12,000,000 nìyẹn. Ká ní a fi kọ́ ṣọ́ọ̀bù mẹ́fà sí iwájú ilẹ̀ ilé ìwé, níbi tó kọjú sí títì, tí ọ̀kọ̀ọ̀kan ń mú N250,000 wọlé lọ́dún. N1,500,000 ni. A yọ ìdá kan nínú márùn-ún sílẹ̀ fún àtúnṣe, ó ku N1,200,000 tí a lè fi kún owó oṣù àwọn olùkọ́ lọ́dọọdún, ọdún tí ń bọ̀, àti èyí tí ó tẹ̀ lé e, àti lẹ́yìn tí àwa bá ti lọ. Bí ó bá jẹ́ pé N12,000,000 yẹn ni a yá ní báńkì ní ìdá 30, èlé ọdún kìíní nìkan jẹ́ N3,600,000, a kò sì tíì fọwọ́ kan ojú owó.

Ẹ ó ní ṣùgbọ́n ilé ìwé ni a fẹ́ parí, kì í ṣe ṣọ́ọ̀bù. Mo gbọ́. Àmọ́ ẹ wo yíká ìlú, ẹ ka iye ilé ìwé tí àwọn ẹgbẹ́ bíi tiwa kọ́, tí wọ́n ṣí pẹ̀lú ìlù àti àánkóò, tí koríko ti bo lónìí. Bíríkì kọ́ ni wọ́n ṣe aláìní. Owó oṣù olùkọ́ ló tán. Èrò tèmi ni pé kí ṣọ́ọ̀bù ṣáájú, tàbí ó kéré tán kí ó máa bá yàrá ìkẹ́kọ̀ọ́ lọ, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé mo mọ̀ pé kò dùn ún fi ya fọ́tò bíi ti ilé ìwé.

Bí ó bá jẹ́ páànù nìkan ni ó kù tí òjò sì ti fẹ́ bẹ̀rẹ̀, murabaha wà. Báńkì Jaiz bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní oṣù January 2012, Kàdúná sì wà lára ìlú mẹ́ta àkọ́kọ́ tí ó ti ṣí ilẹ̀kùn. TAJBank tẹ̀ lé e ní 2019, Lotus ní 2021. Irú báńkì bẹ́ẹ̀ kò ní kó owó fún wa. Yóò ra páànù, páànù náà yóò kọ́kọ́ di tirẹ̀, yóò wá tà á fún wa ní àwìn pẹ̀lú èrè tí a mọ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀. Bí ó bá rà á ní N3,000,000 tí ó tà á fún wa ní N3,600,000 fún oṣù méjìlá, N300,000 lóṣù ni. Bí a bá tilẹ̀ pẹ́ san, gbèsè náà kò ní bí ọmọ. Ohun tí kò dára ni ohun tí àwọn kan ń ṣe: wọ́n á gba ọjà tí wọn kò nílò, wọ́n á gbé e lọ sọ́jà tà ní owó pọ́ọ́kú láti fi rí owó lọ́wọ́. Ìyẹn èlé ni, ó kàn gba ẹ̀yìnkùlé wọlé.

Ìwé ló ń dáàbò bo waqf

Mo fi èyí sí ẹ̀yìn nítorí pé òun ni ó ń dà á rú jù. Ilẹ̀ ẹgbẹ́ púpọ̀ ní ìlú yìí, orúkọ bàbá kan ṣoṣo ni ó wà lórí ìwé rẹ̀. Bàbá náà jẹ́ olóòótọ́. Gbogbo ẹgbẹ́ ló dáwó, a kàn ní kí ó fọwọ́ sí i nítorí pé òun ni Alága nígbà náà. Bàbá kú. Àwọn ọmọ rẹ̀, tí wọ́n wà ní Èkó àti Òyìnbó, rí ìwé ilẹ̀ nínú àpótí, orúkọ bàbá wọn ni wọ́n rí. Ta ni yóò bá wọn wí bí wọ́n bá tà á?

Kí á tó gbé bíríkì kan lé èkejì, ó yẹ kí ẹgbẹ́ forúkọ sílẹ̀ ní CAC lábẹ́ Apá F nínú òfin CAMA ti 2020, kí àwọn alámòójútó ohun ìní ní orúkọ, kí ìwé ilẹ̀ sì wà ní orúkọ ẹgbẹ́ gẹ́gẹ́ bí àjọ. Lẹ́yìn náà kí á kọ ìwé waqf fúnra rẹ̀: ohun tí a yà sọ́tọ̀, ohun tí a ó fi owó rẹ̀ ṣe, ẹni tí ń gba owó ilé, ẹni tí ń yẹ ìwé rẹ̀ wò, àti pé a kò gbọdọ̀ tà á, a kò sì gbọdọ̀ fi dúró fún gbèsè. Kí Lẹ́mọ́mù àti lọ́yà jọ kà á kí a tó fọwọ́ sí i. Ẹ̀dà kan lọ́wọ́ akọ̀wé, ẹ̀dà kan ní mọ́ṣáláṣí, ẹ̀dà kan ní báńkì. Kí wọ́n máa ka iye tí ó wọlé àti iye tí ó jáde sétí gbogbo wa ní ìpàdé ọdọọdún, kí àwọn ìyá àdínì náà ní aṣojú méjì nínú ìgbìmọ̀ rẹ̀, nítorí pé àwọn ni wọ́n kì í jẹ́ kí ìṣirò sọnù.